Ìbò Kan Tí Mo Dì ní Ìlú Onílùú

Ẹ̀yin ará Mowe, Ibafo àti Ifo tí ẹ ti ń wò mí láti ìgbà tí mo ti dé, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Àwọn kan nínú yín ní mo gbé egbògi olóró. Àwọn kan ní mo lu òyìnbó kan ní jìbìtì, ni wọ́n bá fi ọkọ̀ òfuurufú dá mi padà. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún ìyàwó mi nídìí kànga pé wọn kì í déédéé lé èèyàn kúrò ní Amẹ́ríkà, àfi tí onítọ̀hún bá gba ìyàwó oníyàwó. N kò gbé nǹkan kan, n kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì, n kò sì gba ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ìbò ni mo dì. Ìbò gómìnà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Bí ẹ bá ti rẹ́rìn-ín tán, ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́.

*Dídé*

Ráfíù ni orúkọ mi. Ifo ni wọ́n bí mi sí, Mowe ni mo kọ́ ilé kékeré mi sí, iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Magboro ló bá mi fi orúkọ sínú lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá kó tó sáré wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan pé orúkọ mi ti jáde. Ohun tí a ní lọ́wọ́ kò lè gbé ẹni mẹ́ta. Èmi àti Ṣẹ̀kínátù ìyàwó mi jókòó, a sọ ọ́ síwá, a sọ ọ́ sẹ́yìn, a fẹnu kò pé kí n kọ́kọ́ lọ, kí n lo iye ọdún tí òfin wọn sọ, kí n di ọmọ ìlú níbẹ̀, kí n wá ránṣẹ́ pe òun àti Wàsílátù ọmọ wa.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Wàsílátù nígbà náà. Ṣẹ̀kínátù lọ sí ọjà Ibafo, ó ra kóòtù òtútù pupa kan fún un nínú aṣọ ọkírìkà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tó tóbi, ó ní kí ọmọ má baà dàgbà ju aṣọ lọ kí n tó pè wọ́n. Nítorí àwọn méjèèjì ni mo ṣe lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

N kò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ tí mo dé. Mo mọ̀ yín, ẹ óò lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, ẹ óò sì padà wá máa bá mi jiyàn. Ìlú kékeré kan ni, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ilé wọn kò ní ọgbà. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé n kò rí èèyàn lójú títì. Mo rò pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nílùú ni, àṣé inú mọ́tò ni gbogbo wọn wà.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, bàbá òyìnbó kan ń bọ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó bi mí pé báwo ni mo ṣe wà. Inú mi dùn. Mo dúró, mo tẹrí ba fún un nítorí ó jù mí lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀ látinú ọkọ̀, pé òtútù yìí náà kò ṣe é fẹnu sọ, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Nígbà tí mo gbé orí sókè, òun àti ajá ti kọjá ilé kejì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọn kì í dúró gba ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Èmi tí wọ́n ń kí láti ẹnu ọ̀nà mi ní Mowe títí dé mọ́sálásí, tí wọ́n á bi mí léèrè ìyàwó, ọmọ, iṣẹ́ àti orúnkún tó ń dun ìyá mi, mo lo oṣù mẹ́ta gbáko láìrí ẹni tó dúró gbọ́ bí mo ṣe wà.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gé adìẹ ni mo ti ríṣẹ́. Èmi tí mo ṣe ilẹ̀kùn sí àwọn ilé ńláńlá ní Arepo, itan adìẹ ni mò ń gé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá tó tutù bíi fíríìjì. Ọwọ́ mi kú tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè ka tẹ̀sùbáà ní ìrọ̀lẹ́. Inú fóònù ni mo ti ń rí Wàsílátù. Á wọ kóòtù pupa náà hàn mí, apá aṣọ á bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Dádì, ó ti fẹ́ẹ́ bá mi mu o." Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí a ó fi parí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni n óò wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú mi á bà jẹ́.

*Mísì Lọ̀rẹ́tà*

Ẹni tó kọ́kọ́ dúró gbọ́ ìdáhùn mi ni Lọ̀rẹ́tà. Obìnrin dúdú ọmọ ibẹ̀ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń dúró sí lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo pè é ní Màmá, mo sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí omi adìẹ kún. Ó dá ọ̀bẹ dúró. Ó ní òun kọ́ ni òun bí mi, pé wàhálà àwọn ọmọkùnrin méjì tí òun bí ti tó òun, pé Lọ̀rẹ́tà ni kí n máa pe òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu pe ẹni tó lè bí mi lórúkọ lásán? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pè é ní "ẹ jọ̀ọ́". Nígbà tó rí i pé n kò ní yí padà, ó gbà kí n máa pe òun ní Mísì Lọ̀rẹ́tà. Orúkọ tí mo pè é nìyẹn títí di ọjọ́ kan tí n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí n má purọ́ fún yín, oúnjẹ wọn kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Wọ́n ń jẹ ewé tútù bí ẹran ọ̀sìn, wọ́n ń da ṣúgà sí búrẹ́dì, wọ́n sì ń mu omi oníyìnyín nínú òtútù. Lọ́jọ́ kan Mísì Lọ̀rẹ́tà gbé abọ́ kan wá fún mi. Mo ṣí i, ẹ̀fọ́ ni, ó dúdú, ó sè dáadáa, ata wà nínú rẹ̀. Omi yọ lẹ́nu mi. Mo wá rí ẹran tó wà nísàlẹ̀, mo bi í pé ẹran kí ni. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo rọra dé abọ́ náà, mo ṣàlàyé pé mùsùlùmí ni mí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà, mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé abọ́ mìíràn wá. Ó ní tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan ni òun fi se èyí, pé ìkòkò tuntun ni òun lò, pé ẹlẹ́dẹ̀ kankan kò gba ibẹ̀ kọjá. Ojú mi kún fún omi nídìí abọ́ ẹ̀fọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí obìnrin náà lè bẹ̀ mí tí mo lè ní n kò ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tó gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí nìyẹn.

*Káàdì*

Ibi iṣẹ́ jìnnà, nítorí náà mo ra mọ́tò àlòkù, mo sì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìwakọ̀. Obìnrin kan tó jókòó síbẹ̀ gba gíríìn káàdì mi, èyí tó fi hàn pé àlejò tí ìjọba gbà láti máa gbé níbẹ̀ ni mí. Ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó ṣe tán, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún káàdì ìdìbò pẹ̀lú.

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá sí i. Ta ni ń gba káàdì ìdìbò níbí nítorí ìbò? Báǹkì ló ń bèèrè rẹ̀. Àwọn tó ń ta síìmù ń bèèrè rẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi tò sórí ìlà nínú oòrùn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ibafo kí n tó rí tèmi gbà, wọ́n ní ẹ̀rọ ti kú, wọ́n ní ẹni tó ń ya fọ́tò ti lọ jẹun. Obìnrin kan wá jókòó sínú ọ́fíìsì tó mọ́ tónítóní, ó ń rọ̀ mí pé kí n wá gba tèmi láìtò. Èmi wo ni yóò sọ pé rárá? Lọ́dọ̀ wa, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń fún èèyàn ní ìwé, èèyàn á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á sì dúpẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà tó yí ọkàn padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gíríìn káàdì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó ti rí irú ẹni tí mo jẹ́, bí kò bá tọ́ sí mi, kò ní fi lọ̀ mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí ẹ̀rọ kékeré kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré jọjọ. N kò kà á. Ta ló ń kà á nínú yín?

Káàdì náà dé láàárín oṣù kan, mo sì fi í sáàárín Àlùkùráánì mi. Mo fi han Ṣẹ̀kínátù lórí fóònù. Ó ní, "Alihamudulilai, ìwé ti ń pọ̀ nìyẹn. A ti ń sún mọ́ yín."

*Obìnrin tó fẹ́ ṣe gómìnà*

Ní ọdún kẹrin mi níbẹ̀, wọ́n fẹ́ dìbò gómìnà, obìnrin dúdú kan sì jáde. Ọmọ obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yẹn sílẹ̀, kò sí ọkùnrin dúdú kankan tó jókòó sórí àga yẹn rí, ká tó wá sọ obìnrin. Mísì Lọ̀rẹ́tà yí padà pátápátá. Ó ri pátákó obìnrin náà mọ́ iwájú ilé rẹ̀, ó fi àwòrán rẹ̀ sí àyà aṣọ iṣẹ́. Mo bi í pé kí ni obìnrin náà ń pín. Ó ní pín báwo? Mo ní ìrẹsì ńkọ́, aṣọ ńkọ́, kí ló ti fún ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé e? Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní àwọn gan-an ni àwọn ń dáwó fún un. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ìgbà tí a ń jẹun lọ́sàn-án ló sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Akọ̀wé òyìnbó tó wà níbẹ̀ bi í ní àwọn ìbéèrè tí Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdáhùn wọn, ó sì lé e padà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n lé e. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tó fi máa padà délé, àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ ti gbọ́, wọ́n ní kó má wá mọ́. Mísì Lọ̀rẹ́tà ní láti ìgbà tí òun ti tó ìbò í dì, kò sí ìbò kan tó fo òun rí, ìbáà jẹ́ ti ẹni tí yóò máa mójú tó ajá ìlú. Ó wá bi mí bóyá èmi náà máa dìbò.

Mo ní, "Mo ní káàdì."

Ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi aṣọ iṣẹ́ tútù rẹ̀ gbá mi mọ́ra lójú gbogbo èèyàn. Kò bi mí bóyá mo ti di ọmọ ìlú, èmi náà kò sì sọ. Kò sí ẹni tó parọ́ fún ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ní ọjọ́ ìbò, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo dé fìlà. Mísì Lọ̀rẹ́tà fi mọ́tò rẹ̀ wá gbé mi lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ọlọ́pàá, n kò rí jàǹdùkú, n kò rí ẹni tó ń pín nǹkan nínú ọ̀rá. Bàbá òyìnbó arúgbó kan ló ń wo orúkọ. Ó pe tèmi bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mo kun ìwé náà, ẹ̀rọ gbé e mì, nọ́ńbà ojú rẹ̀ sì fi oókan lé sí i. Ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti dìbò ní Mowe, n kò mọ ibi tí èyíkéyìí nínú wọn wọlé sí. Ojú mi báyìí ni mo fi rí èyí. Ara mi yá gágá. Wọ́n fún mi ní sítíkà kékeré kan tí wọ́n kọ sí pé mo ti dìbò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà.

Mo bi Mísì Lọ̀rẹ́tà pé aago mélòó ni a máa padà wá dúró ti ìbò wa, kí wọ́n má baà gbé àpótí lọ, kí a lè bá wọn kà á sókè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé mọ́tò. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní obìnrin náà kò wọlé. Ìbò tó fi fìdí rẹmi kò pọ̀. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, Mísì Lọ̀rẹ́tà ti wà níbẹ̀, ó ń gé adìẹ, kò gbé ojú sókè. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ń lọ sí kóòtù. Ó ní obìnrin náà ti pe ọkùnrin tó wọlé, ó ti kí i kú oríire. Ó ní ìyá òun dúró de ìbò pẹ́ ju báyìí lọ.

*Yàrá kékeré*

Ọdún mi pé, mo kọ̀wé láti di ọmọ ìlú. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ṣẹ̀kínátù àti ìyá mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀. Ṣẹ̀kínátù ti ra báàgì ńlá méjì, ó ti ń to aṣọ sí i. Wàsílátù sì ti sọ fún tíṣà rẹ̀ pé òun ń lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ni wọ́n ní kó bá mi sọ̀rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fún mi ní omi, ó ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo sì búra pé òtítọ́ ni n óò sọ. Ó bi mí nípa ìtàn ilẹ̀ wọn, mo gba gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí, bóyá mo ti jalè rí, mo ní rárá. Ó wá bi mí bóyá mo ti dìbò rí ní Amẹ́ríkà.

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Mo rò pé ìbéèrè tó máa gbé mi ga nìyẹn, kó lè mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó kàn wá jẹun nílùú wọn. Mo yọ sítíkà náà nínú wálẹ́ẹ̀tì mi, níbi tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì rẹ̀.

Ó wò ó pẹ́. Ó fi bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ó lè jẹ́ pé ìbéèrè mi kò yé yín. Mo lè tún un bi yín."

Mo ti mọ̀ báyìí pé ilẹ̀kùn ló ṣí fún mi. Ó fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò yé mi. Ṣùgbọ́n mo ti búra, n kò sì rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Ó yé mi, sà. Mo dìbò gómìnà. Obìnrin yẹn ni mo dì í fún."

Ó mí kanlẹ̀. Ó mú ọ̀rá kékeré kan, ó fi sítíkà mi sínú rẹ̀, ó fi í sínú fáìlì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá. Ìgbà tí mo dé ìta ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Lọ́yà tí mo lọ bá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú kò gbọ́dọ̀ dìbò níbẹ̀, pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, pé wọ́n lè fi mí sẹ́wọ̀n, pé ohun tó dára jù ni kí n fúnra mi kó ẹrù kí n máa lọ. Mo ní obìnrin ìjọba ló fi lọ̀ mí. Ó ní ọwọ́ mi ló wà lórí ìwé tó sọ pé ọmọ ìlú ni mí. Nígbà tí a dé iwájú adájọ́, Mísì Lọ̀rẹ́tà wá, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó dìde, ó ní òun ni òun gbé mi lọ, kí wọ́n dá òun lẹ́bi. Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀, ó ní kó jókòó. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ mi ní gbogbo ìlú yẹn. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n fi lé mi.

Níwájú kóòtù, Mísì Lọ̀rẹ́tà di apá mi mú. Ó ní, "Wọ́n lé ìyá mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ó fẹ́ dìbò. Èmi náà ni mo tún wá fi ọwọ́ ara mi mú ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀." Ó ń sunkún. Inú ń bí mi. Mo ń ro Ṣẹ̀kínátù àti báàgì méjèèjì, mo ń ro bí n óò ṣe sọ ọ́ lórí fóònù. Mo rọra yọ apá mi.

Mo ní, "Ó dàbọ̀, Lọ̀rẹ́tà."

Ó gbọ́ ọ. Ó ti mọ ohun tí orúkọ lásán jẹ́ lẹ́nu mi. Ó yí padà, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. N kò rí i mọ́ títí mo fi kúrò nílùú náà, mo sì ń kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ju bí mo ṣe ń kábàámọ̀ ìbò lọ.

*Ilé*

Ní pápákọ̀ òfuurufú, Ṣẹ̀kínátù ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti rù. Ọmọbìnrin gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó wọ kóòtù pupa nínú ooru ọ̀sán, apá aṣọ náà kò ju ìgúnwọ́ lọ, iwájú rẹ̀ kò sì pa dé mọ́. Òógùn bò ó. Ṣẹ̀kínátù ní òun bẹ̀ ẹ́ títí kó bọ́ ọ, pé ó ní dandan ni kí òun wọ̀ ọ́ kí n lè dá òun mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti ni Wàsílátù. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo gbé e dìde.

Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù. Mo sọ òótọ́ fún yín, ẹ kò gbà mí gbọ́. Alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù wa wá kí mi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí dé òpin, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Ó ní, "Ráfíù, wọn ò fún ẹ ní nǹkan kan, o sì lọ dìbò?" Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Mo rí yín.

Báǹkì ní àwọn fẹ́ káàdì ìdìbò kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì mi padà. Tèmi àtijọ́ ti sọnù, mo sì tún lọ tò ní ilé ìwé yẹn ní Ibafo. Ọmọbìnrin tó ń forúkọ sílẹ̀ kọ gbogbo nǹkan tán, ó ní kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ kà á sí mi létí, láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, àbí ẹ kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ni?" Mo ní Ifo ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n kó kà á. Ó kà á. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ ìbò gómìnà tiwa, mo múra. Kì í ṣe torí pé mo fẹ́ràn ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jáde. Mo kàn ní kí n lọ dì í níbi tó ti tọ́ sí mi ni. Mo wá káàdì náà nínú Àlùkùráánì, n kò rí i. Mo bi Ṣẹ̀kínátù, ó ní òun kò fọwọ́ kàn án, ó sì fi ẹnu júwe iwájú ilé fún mi.

Wàsílátù jókòó sí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ó wọ kóòtù pupa yẹn, ó fi ọwọ́ kan sínú àpò rẹ̀, ó di káàdì mi mú gírígírí níbẹ̀.

Ó ní, "Dádì, tí ẹ bá lọ dìbò báyìí, ibo ni wọ́n tún máa lé wa lọ?"

Mo ní kò sí ẹni tó lè lé wa kúrò níbí, pé ilé wa nìyí. Ó mi orí pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ nínú àpò. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ sí ilé ìwé, wọ́n ń pè mí pé kí n máa bọ̀. Alága wọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo bọ́ fìlà mi, mo jókòó tì í. Oòrùn mú, mo ní kó bọ́ kóòtù, ó ní òtútù ń mú òun. A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi dìbò tán, kó tó yọ ọwọ́ rẹ̀.